Bí mo ṣe gbin eyín ní Ilé-Ifẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Àwa tí à ń gbé ní ìlú Ọba mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eyín níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń tọ́jú eyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà san owó implant, ìyẹn eyín tí wọ́n ń gbìn sínú egungun ẹnu, àfi tó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ tàbí jàǹbá ńlá ló kó eyín èèyàn lọ. Ẹni tí eyín rẹ̀ kàn jẹrà, tí wọ́n sì yọ ọ́, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é. Eyín kan péré lè gba 2,000 pọ́n-ùn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ló ti kúrò lẹ́nu tèmi, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí èèyàn fi ń rún ẹran. Àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú fún iṣẹ́ ṣe. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè dédé kó kalẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn. Mo rí i pé èmi nìkan kọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọdá ẹnubodè lọ sí Los Algodones ní Mẹ́síkò, ìlú kékeré kan tó jẹ́ pé dókítà eyín ló kún ibẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ń lọ sí Hungary. Àwọn ará ìlú Ọba ń rọ́ lọ sí Tọ́kì. Èmi náà fi fọ́tò ẹnu mi ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú kan lókè òkun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé: hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú owó náà, ọkọ̀ tí yóò gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, gbogbo eyín ẹnu mi sì ni wọ́n kọ iye lé lórí. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á bá mi dí èéjì mi. Èéjì tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi! Eyín méjì ni mo ń wá, ẹni tí kò fojú kàn mí rí sì fẹ́ rẹ́ gbogbo eyín tó le koko lẹ́nu mi kó lè fi ìdérí bò wọ́n. Eyín tí wọ́n bá ti rẹ́ báyẹn kì í hù padà. Ìdérí náà á gbó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ó tún dọwọ́ ìgbà mìíràn, títí ayé ẹni náà.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan. Ẹ̀rín rẹ̀ ń dán nígbà tó dé. Kò pẹ́ tí erìgì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì tètè rí dókítà tó fẹ́ fọwọ́ kàn án nílé. Mi ò sọ pé gbogbo dókítà ilẹ̀ òkèèrè ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dá iye lé e kó tó wo egungun èèyàn, mi ò lè gbé ẹnu mi fún un.

Ìrẹmọ ni ilé wa wà ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú wa kì í sì í ṣe ibi tí dókítà eyín ti ṣọ̀wọ́n. Fásitì OAU ń kọ́ àwọn dókítà eyín, oyè BChD ni wọ́n ń gbà jáde. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá fásitì náà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, wà níbẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà, tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kọ́kọ́ dá sílẹ̀, sì wà lábẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní Ifẹ̀ ti lọ sí Èkó, àwọn mìíràn ti bọ́ sí ìlú Ọba níbi tí mo wà gan-an, àmọ́ àwọn kan ṣì dúró. Bọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní Iléṣà ló bá mi rí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi, ó sì ní ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Ifẹ̀.

Kí n tó bá a dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá, mo ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yẹn hàn mí, èyí tí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìṣègùn, ń fún gbogbo dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà. Kò bínú. Ó ní, “Mà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè.” Ẹni tó bá fajú ro sí ìbéèrè yìí, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá, èyí tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́, lè jẹ́ ọ̀gá pátápátá nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ inú egungun kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ èyí torí pé mo mọ àwọn tó gbà fún irú wọn torí pé owó wọn wálẹ̀.

Mo ti ń wo iye tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá nígbà yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí Dókítà sọ fún mi lórí fóònù ni pé, “Mà, ẹ má tíì sanwó ọkọ̀ òfuurufú o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí egungun yín ṣe rí.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Tí eyín bá ti kúrò, egungun tó gbé e ró á bẹ̀rẹ̀ sí í joro, torí pé kò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Bó bá ṣe pẹ́ tó náà ni yóò ṣe tín-ín-rín tó. Iṣan kan sì wà tó gba inú egungun ìsàlẹ̀ kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mọ nǹkan lára. Tí irin bá lọ kàn án, ètè lè kú fún ìgbà pípẹ́, nígbà míì kó má padà bọ̀ sípò. Ní òkè, lápá ẹ̀yìn, ihò kan wà nínú egungun lẹ́bàá imú tí irin kò gbọ́dọ̀ já sí. X-ray tó wọ́pọ̀ ń fi gíga egungun hàn, kì í fi ìbú rẹ̀ hàn. Nítorí náà, yàtọ̀ sí X-ray tí mo gbà lọ́wọ́ dókítà eyín mi ní ìlú Ọba tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní kí n ya CT ẹnu, àwòrán tó ń fi gíga àti ìbú egungun hàn, ní Ìbàdàn nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti Èkó. Ọ̀nà mi náà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé X-ray àkọ́kọ́ ti fi hàn pé egungun kù níbẹ̀. Ká ní kò kù ni, wọ́n á kọ́kọ́ fi egungun kún un, ìyẹn nìkan sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó jinná.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo nǹkan lọ, torí òun ló ń ba ti àwa àlejò jẹ́. Irin tí wọ́n ń gbìn yìí, titanium ni. Ní 1952, dókítà ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, fi titanium sínú egungun ehoro kó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́, egungun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965 ló gbin irú rẹ̀ sẹ́nu èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Gösta Larsson ni orúkọ ọkùnrin náà, ó sì lo àwọn eyín yẹn títí ó fi kú ní 2006. Dókítà sọ ìtàn yìí fún mi kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe gọ́ọ̀mù ló ń di eyín náà mú, kì í sì í ṣe ọwọ́ dókítà. Egungun fúnra rẹ̀ ló ń hù mọ́ irin. Ní ìsàlẹ̀, ó sábà máa ń gba bí oṣù mẹ́ta. Ní òkè, níbi tí egungun ti rọ̀ díẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́fà. Àwọn kan wà tí wọ́n lè gbé eyín lé lọ́jọ́ kan náà, tí egungun wọn dára tí dókítà sì rí i pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n eyín tí a fi ń rún eegun adìyẹ kọ́ lèèyàn ń fi dán irú rẹ̀ wò.

Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ ní láti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Èmi fi irin sí i ní ìgbà Kérésì, mo sì padà wá gbé eyín lé e ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ tó bá lè wálé ń wálé. Ààyè tó wà láàárín ju èyí tí egungun nílò lọ, ìyẹn ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìsinmi kan ni ọkàn mi kì í balẹ̀ fún.

Nípa owó, mi ò ní kọ iye tí mo san síbí, torí pé náírà ìgbà náà kọ́ ni náírà ìsinsìnyí. Òkè òkun ni irin náà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, iye tí dókítà bá pè lóṣù yìí lè má jẹ́ iye tí yóò pè lóṣù tó ń bọ̀, kò sì jẹ́ pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ ìgbà tí iye náà máa dópin. Ẹ tún wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni eyín kan: irin tó wọ inú egungun, irin kékeré tó jókòó lé e lórí, àti kráùn tí ojú ń rí. Ilé ìtọ́jú mìíràn á pe iye irin àkọ́kọ́ nìkan, inú èèyàn á dùn, ìyókù á wá máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ti jókòó sórí àga. CT wà lọ́tọ̀. Oògùn wà lọ́tọ̀. Tèmi, nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣì kéré gan-an sí ti ìlú Ọba, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ lọ wo ìyá mi tẹ́lẹ̀ kí n tó mọ̀ pé màá gbin eyín. Ẹni tó bá máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì nítorí eyín kan ṣoṣo, kó jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ó lè má jèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń se irin iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà hàn mí, àti àwọn àpò tí irin wà nínú wọn, tí ìlà ara wọn ti yí àwọ̀ padà láti fi hàn pé wọ́n ti gba ooru. Mo béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ. Ínfátà wà, jẹnẹrétọ̀ wà. Iná lọ lóòótọ́, a ò tiẹ̀ fura.

Dókítà gbé irin náà wá síwájú mi nínú ìgò kékeré tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó kéré sí ohun tí mo ti rò. Kò gùn ju èékánná ìka ọmọńdinrín mi lọ. Ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sí mi létí: ìbú 4.1, gígùn 10, mìlímítà ni. Lẹ́yìn náà ló ya ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ páálí náà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì kan tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti mú ibẹ̀ kú. Mi ò mọ ìrora kankan, àmọ́ mo ń gbọ́ ọ nínú etí mi bí ẹ̀rọ náà ṣe ń lu egungun, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, omi tútù sì ń ṣàn lé e láìdáwọ́ dúró. Ó ní egungun tó bá gbóná dé ìwọ̀n 47 fún ìṣẹ́jú kan lè kú, irin kò sì ní rí ohun tí yóò dì mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ó fi sípánà kékeré kan yí i títí ó fi dún kó. Ó ran erìgì pa, ó tán.

Wàhálà gidi wà nílé. Oṣù Kejìlá ni, ẹ mọ bí Ifẹ̀ ṣe máa ń rí: ìgbéyàwó lónìí, ìsìnkú lọ́la, àsun níbí, ẹran ìgbẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi wò mí títí. “Ọmọ mi, irin ni wọ́n lọ kì bọ̀ ẹ́ lẹ́nu?” Wọ́n ti gbé omi iyọ̀ gbígbóná kalẹ̀. Omi iyọ̀ dára, Dókítà náà fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní kó di ọjọ́ kejì, kó sì lọ́ wọ́rọ́wọ́ ni, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ọgbẹ́ má bàa ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mi gbé àgbo wá. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní ẹ jẹ́ kí n lo oògùn dókítà tán ná. Mi ò mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ ohun tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ ya tàbí kó bá oògùn apakòkòrò jà. Ẹ̀kọ tútù, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, iyán tó kúná pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta, ohun tí mo jẹ nìyẹn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì jẹun. Àgbàdo sísun, kúlíkúlí àti orógbó, mi ò sún mọ́ wọn. Ẹni tó ń mu sìgá kó yáa jáwọ́. Sìgá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí eyín gbígbìn kùnà.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ibà. Àwa tí a ti pẹ́ lókè òkun, ẹ̀fọn ilé kì í mọ̀ wá lójú mọ́. Tí ara èèyàn bá gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé ibà ni àbí ojú ọgbẹ́ ló ti gba kòkòrò? Mo ti ń lo oògùn tó ń dènà ibà kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yín, ẹ má fi sí òpin rẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ran erìgì ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tú u, dókítà sì gbọ́dọ̀ wò ó kí ẹ tó lọ. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn pẹ̀lú kòtò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wú fẹ́ gbà. Tó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba lẹ fẹ́ lò, ẹ béèrè bóyá ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀. Ní 2021, láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni àwọn dókítà abẹ́ NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn, fi wà nílé. Ẹni tí déètì ìpadàlọ rẹ̀ ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kò lè dúró de ìpàdé wọn pẹ̀lú ìjọba.

Mo fẹ́ padà sórí káàdì yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin yìí pọ̀: Straumann ti Switzerland, Nobel Biocare tó bẹ̀rẹ̀ ní Sweden, Osstem ti Korea, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹnu irin wọn kò dọ́gba, skrúdíráfà wọn kò sì dọ́gba. Dókítà tí kò bá mọ irú èyí tó wà lẹ́nu yín kò lè tú u, kò sì lè dè é. Nígbà tí mo padà délẹ̀ ìlú Ọba pẹ̀lú eyín mi tó ti pé, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án, mo rí i pé ọ̀kan ń mì díẹ̀. Ọkàn mi já. Dókítà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ní òun kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tí òun kò ṣe. Èkejì gba káàdì náà, ó kà á, ó ní òun ní irinṣẹ́ rẹ̀. Skrúù tó mú kráùn dúró ló dẹ̀. Irin inú egungun kò mì rárá. Ó dè é padà, mo sanwó, ó parí.

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ torí pé Dókítà tiwa ní Ifẹ̀ ti rò ó sílẹ̀. Ó ti bi mí nígbà Ọlọ́jọ́ pé, “Mà, ṣé ìlú Ọba lẹ ó ti máa gbé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, skrúù lòun á fi mú kráùn náà, òun ò ní lo símẹ́ǹtì eyín. Èyí tí wọ́n fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ṣòroó ṣí láìfọ́, símẹ́ǹtì tó bá sì ṣẹ́ kù sábẹ́ erìgì lè mú kí ibẹ̀ wú. Èyí tó ní skrúù, ihò rẹ̀ wà lókè, wọ́n kàn dí i ni. Dókítà yòówù tó bá ní irinṣẹ́ lè ṣí i. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ lórí èyí, kì í ṣe gbogbo eyín ló ṣeé ṣe fún.

Eyín gbígbìn kì í jẹrà, ṣùgbọ́n erìgì àti egungun tó yí i ká lè ṣàìsàn tí ẹ kò bá fọ ibẹ̀ dáadáa, irin náà á sì bọ́ láìjẹ́ pé ó dùn yín púpọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó ń wọ àárín eyín ni mo fi ń fọ tèmi lálaalẹ́. Pákò dára fún eyín yòókù, ìyá mi ò fi ṣeré títí dòní, ṣùgbọ́n kì í dé abẹ́ ibi tí kráùn ti pàdé erìgì.

Bọ̀dá mi náà fẹ́ gbin tiwọn nígbà tí wọ́n rí tèmi. Dókítà ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà wò, ó sì ga, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Ó ní títí tí wọ́n á fi kápá rẹ̀, òun ò ní gbẹ́ egungun wọn, torí ojú ọgbẹ́ kò ní tètè jinná. Ó tún bi ìyàwó wọn, tó fẹ́ ṣe tirẹ̀, bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn egungun rí, irú alendronate tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ti kúrò ní ọjọ́ ọmọ bíbí, torí ó lè da ìwòsàn egungun àgbọ̀n rú. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà yín, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ alágbo. Bọ̀dá mi gba eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ ní Iléṣà, wọ́n fi ń jẹ iyán, wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn. Wọ́n ti ń lo oògùn ṣúgà báyìí, wọ́n sì ní kò dá àwọn lójú pé àwọn ṣì fẹ́ implant mọ́.